Bí Mo Ṣe Sun Ìwé Màmá Han

Mo sun ìwé Màmá Han ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2015, ní ẹ̀yìnkùlé Mother Rosaline, wòlíì ìjọ wa, ní Plumstead nílùú Ọba. Ìwé náà kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sínú fúláàtì rẹ̀ ní Thamesmead, ó ń retí pé màá wá wẹ̀ fún òun láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo lọ. Mo wẹ̀ fún un. Mi ò sọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ni pé mò ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fún wa nílé kọ̀ọ̀kan. Wẹ̀ fún wọn, wọṣọ fún wọn, fún wọn lóògùn, kọ ọ́ sínú fáìlì, ó tán. Màmá Han ni ẹni kẹta mi láàárọ̀. Ọmọ Kòríà ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Leah, tó ń gbé ní Leeds. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ní àjà kẹfà, èèyàn lè rí adágún omi àti àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tó máa ń bá àwọn ọmọdé jà nítorí búrẹ́dì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo ṣe ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, ó bi mí pé, "Mo, ṣé o máa ń ka ewì?" Mo ló ń pè mí. Mọ́wùnmí gùn jù fún un.

"Rárá, Mama," ni mo dáhùn. "Àwọn tó ń kọ ewì, tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé òjò ń rọ̀, wọ́n á ní ojú ọ̀run ń sunkún. Òjò ń rọ̀ ni. Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìpara fi kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ìwọ gan-an ni màá sọ ọ́ fún," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa sọ ìtàn obìnrin kan fún mi, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Obìnrin náà gbé ní ìlú wọn ní ohun tó lé ní irinwó ọdún sẹ́yìn. Nígbà yẹn, wọn kì í kọ́ ọmọbìnrin ní ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí òun jókòó pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀ níwájú olùkọ́. Ìgbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti ń kọ ewì tí àwọn àgbàlagbà ń gbé kiri fún ara wọn kà. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fún un lọ́kọ. Ìyá ọkọ kò fẹ́ rí i sójú. Ọkọ kì í gbélé. Ó bí ọmọbìnrin, ọmọ náà kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin rẹ̀ kú. Oyún tó tún wà nínú rẹ̀ bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kí ó tó kú, ó ní kí wọ́n sun gbogbo ohun tí òun kọ. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ kún yàrá kan. Wọ́n sun ún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ṣa ìyókù jọ, èyí tó wà nílé bàbá wọn àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti há sórí. Wọ́n gbé e lọ sí Ṣáínà, ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

"Kí ló dé tó fi ní kí wọ́n sun ún?" ni mo béèrè.

"Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bi í."

Bí ó ṣe ń bi í nìyí: ó ń kọ ìtàn ayé obìnrin náà sínú ìwé. Ìwé mẹ́fà tó nípọn. Ó fi bírò kọ ìtàn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà da àwọn ewì kọ, lábẹ́ ewì kọ̀ọ̀kan ó tẹ òǹtẹ̀ pupa tí orúkọ tirẹ̀ wà lára rẹ̀. Mi ò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀. Lójú mi ó dà bí tírà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó tún rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀. Ìgbà tó dé láti ọsibítù, ó ní kí n fa àpótí kan jáde lábẹ́ tábìlì.

"Gbé e lọ sílé ẹ," ló wí. "Leah fẹ́ràn ilé tó mọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, ó wá bá mi palẹ̀ mọ́, ó kó àpò ìwé mi kan dà sí ibi tí wọ́n ń da bébà sí. Kò lè ka èdè wa, kò mọ ohun tó jẹ́. Mi ò bá a jà. Bí mo bá wà láàyè, ẹrù ni ìwé yìí jẹ́ fún un. Bí mo bá kú, á fẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá ti sin mí tán, gbé e fún un."

"Mama, wọn kì í jẹ́ ká mú nǹkan kúrò nílé yín. Wọ́n á lé mi."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

Mo kó o sínú báàgì ọjà, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì 244. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kékeré nílé mi. Mo gbàgbé rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, Ìyèbíyè ọmọ mi kó wá sínú yàrá náà. Oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́rin. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú, ó sì fẹ́ wà nítòsí ọsibítù tó wà lẹ́bàá Woolwich Common. Adrian ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú irin, kì í sábà sí nílé. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ọmọ mi ń sùn. Nínú oṣù karùn-ún, mo gbálẹ̀ yàrá náà, ìgbálẹ̀ mi kan àpótí.

Ìgbà yẹn ni àyà mi já. Mo ní, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń kú lẹ́yìn ara wọn, tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, òun ló wà nínú àpótí yìí, abẹ́ ọmọ mi aboyún ló sì wà. Ó yẹ kí n gbé e bọ́ sí yàrá tèmi kí n sì pa ẹnu mi mọ́. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe pàdé Mother Rosaline nínú bọ́ọ̀sì 53 lọ́jọ́ kejì, mo tú gbogbo rẹ̀ fún un, òǹtẹ̀ pupa, ikú ọmọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kàn ń sọ pé, "Hẹn-ẹn. Hẹn-ẹn."

Aládùúrà ni wá. Nínú ìjọ wa, bí Ẹ̀mí bá gbé wòlíì, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó tì í pẹ̀lú bírò, kí ó máa kọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á fi bébà náà lé ọ lọ́wọ́, o ò lè sọ pé o ò gbọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn bọ́ọ̀sì yẹn, Ẹ̀mí gbé Mother Rosaline. Brother Francis kọ ọ́. Ohun tó fi lé mi lọ́wọ́ nìyí: "A rí ìwé kan lábẹ́ ibùsùn. Àmì pupa wà lára rẹ̀. Ẹkún ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀. Kí arábìnrin yìí fi iná sun ún kí ọmọ inú lè rí ilẹ̀ ayé."

Mo lọ bá Mother Rosaline níbi tó ti ń ká sùtánà rẹ̀.

"Mother, ìwé oníwèé ni o. Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ṣé ìwé oníwèé ló máa gbé ọmọ-ọmọ fún ẹ?"

"Ibi iṣẹ́ mi—"

"Ó dáa. Lọ sọ fún Ẹ̀mí pé kó lọ ka rules ibi iṣẹ́ ẹ kó tó máa ríran." Ó fi sùtánà sínú báàgì. "Ọmọ ẹ ti sọ méjì nù, Mọ́wùnmí. Ó fẹ́ẹ sọ ẹ̀kẹta nù lójú ẹ, torí ìwé tó ò lè kà?"

Ní Sátidé, mo gbé àpótí náà lọ sílé rẹ̀.

Agbada irin tí wọ́n fi ń sun ẹran nígbà ooru la lò. Mother Rosaline ka Sáàmù, èmi ń kó ìwé sí i. Ìwé àkọ́kọ́ kọ̀, kò fẹ́ jó. Bébà rẹ̀ le. Ó ń ṣí fúnra rẹ̀, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Iná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀.

Kenneth, òyìnbó tó múlé ti Mother Rosaline, na ọrùn lókè ọgbà. "Rosaline, ṣé ẹran lẹ ń sun ni?"

"Ẹran ni, Kenneth."

"Mi ò gbọ́ òórùn ẹran."

"Ẹran ò tíì dé."

Ó ní ó dáa, kí a má gbàgbé òun. Mother Rosaline rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi igi ro eérú títí kò fi sí nǹkan tó ku.

Ní oṣù kẹjọ, Ìyèbíyè bí Ayọ̀mípọ̀sí, obìnrin, ara rẹ̀ le. Mo wọ funfun, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí bí iná ṣe gba ọmọ wa sílẹ̀. Wọ́n hó. Ìyèbíyè gbọ́ ọ lẹ́yìn náà.

"Mummy, they gave me tablet fún BP. Every day. Ẹ̀yin lẹ ń gbé omi ẹ̀ fún mi."

"Èmi ni."

"So which fire?"

"Ọlọ́run ló ń lo dókítà."

"Okay o," ló wí, ó ń bá ọmú tó ń fún ọmọ lọ. Kò mọ̀ pé ìwé oníwèé ni. Mo sọ fún un pé bébà àtijọ́ kan ni.

Lọ́dọ̀ Màmá Han, mò ń lọ. Tó bá béèrè pé, "Ìwé mi ń kọ́?" màá ní, "Ó wà dáadáa, Mama." Irọ́ yẹn kò nira. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọjú sí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́, mò ń fọ̀ ọ́.

Nínú oṣù kọkànlá, ó gbá mi lápá mú. Ojú rẹ̀ ń dán. "Mo, bá mi mú ìwé kẹfà wá. Mo ti mọ ìdí tó fi ní kí wọ́n sun ún. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí ìparí."

Mo ní màá mú un wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, mo ní mo gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní bọ́ọ̀sì kún, ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kò burú, Mo. Iṣẹ́ ẹ pọ̀." Mo lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ìdí náà. Yóò sọ ọ́ fún mi, mo mọ̀. Mi ò béèrè, nítorí bí mo bá béèrè, á tún rántí ìwé. Òtútù mú un ní oṣù kìíní, ó wọ àyà rẹ̀ lọ. Ó kú lọ́jọ́ kẹrin tó dé ọsibítù. Ohun tó mọ̀ bá a lọ.

Leah wá kó ẹrù ilé. Ó pè mí pé kí n wá mú òdòdó inú ìkòkò tí màmá òun ní kí wọ́n fún mi. Ìgbà tí mo dé, ó ti kó ilé náà sínú páálí tán, ṣùgbọ́n ó tún ń tú àwọn páálí náà.

"Mò ń wá ìwé," ló wí. "Mẹ́fà. Màmá mi máa ń kọ ọ́ láti kékeré mi. Ṣé o mọ ibi tó wà?"

Mi ò tíì dáhùn tó fi jókòó sórí páálí kan. "Mo da díẹ̀ nù nínú ìwé rẹ̀ nígbà kan. Mo rò pé bébà lásán ni. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fẹ́ lọ wọ ọkọ̀, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i nísàlẹ̀ tòun ti sílípáàsì, ó tẹ orí sínú ibi tí mo da bébà náà sí, ó ń wá a. Mi ò padà. Mo lọ wọ ọkọ̀ mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Jọ̀ọ́, sọ fún mi pé èmi kọ́ ni mo tún da àwọn yìí nù."

"Ìwọ kọ́," ni mo wí. Òótọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ẹnu mi kò dúró. "Ó ní kí n sun wọ́n. Mo sì sun wọ́n."

Ó bú sẹ́kún, àmọ́ ẹkún náà kì í ṣe ti ìbínú. "Bíi ti obìnrin rẹ̀ yẹn," ló ń sọ. "Ó fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ṣe ohun tí màmá òun sọ. Mo jẹ́ kó dúpẹ́. Mo gbé òdòdó mi lọ sílé.

Níbi ìsìnkú, ó dìde, ó sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn: ìyá òun kọ ìtàn akéwì kan fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì ní kí wọ́n fi iná sun ún bíi ti akéwì náà. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Pásítọ̀ wọn ní òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ dídùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, èmi ni mo ṣẹ̀dá èyí tó dùn jù lọ nínú ilé yẹn. Mo jókòó sẹ́yìn, mo jẹ súwítì.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Leah fi káàdì ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ọ́ pé òun ti ń sùn báyìí. Ó ní bí ìyá òun bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jóná, a jẹ́ pé àpò tí òun dà nù kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Mo kà á lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, mi ò lè jókòó. Irọ́ mi ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ gan-an: bí mo bá kú, á fẹ́ ẹ. Ó mọ ọmọ rẹ̀. Ó dárí jì í, ó sì tọ́jú nǹkan dè é. Èmi ni mo jókòó lé ọ̀rọ̀ náà.

Mo lọ bá Mother Rosaline.

"Mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún ọmọ yẹn."

"Òótọ́ wo? Ọmọ-ọmọ ẹ ò wà láyé ni? Ṣé o fẹ́ pa ẹ̀rí tó o jẹ́ níwájú Ọlọ́run rẹ́ ni?"

"Mother, ẹ ṣáà rántí pé mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn fún yín nínú bọ́ọ̀sì? Kí ẹ tó ríran?"

Ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Kò gbójú sókè. "Bọ́ọ̀sì wo?"

"53."

Ó ṣẹ́ ẹ̀fọ́ náà tán pátá. "Ẹ̀mí lè gba inú bọ́ọ̀sì wá," ló wí.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè bá a jiyàn. Mi ò gbà pé ó parọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló kó ìwé sínú iná, ẹnu tèmi ló gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí ìran ti wá.

Ní oṣù kẹrin, Leah wá dá kọ́kọ́rọ́ fúláàtì padà. Mo ní kó dúró dè mí. Ilé ti ṣófo, ohùn ń dún padà lára ògiri. Mi ò bọ́ kóòtù. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: màmá ẹ kọ́ ló ní kí n sun ún. Ó ní kí n tọ́jú ẹ̀ fún ẹ. Mo gbé e lọ sílé, ẹ̀rù bà mí nítorí oyún ọmọ mi, wọ́n ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sun ún. Ó wà láàyè nígbà náà. Kò mọ̀ títí ó fi kú. Mo parọ́ fún un, mo parọ́ fún ìwọ náà.

Leah kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé fèrèsé. "Ẹ̀rù ìwé bà ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìtàn obìnrin tó ti kú láti irinwó ọdún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. O jókòó níbẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi báyìí? Torí tèmi ni àbí torí tìẹ?"

"Torí tèmi wà níbẹ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ kan nípa ẹ, mo sì jí i gbé. Ó ní bí òun bá kú, wàá fẹ́ ìwé náà. Ó mọ̀ nípa àpò tó o dà nù. Kò bínú sí ẹ. Ó sọ ọ́ fún mi."

Mo rò pé yóò sunkún, mo tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó sún sẹ́yìn.

"O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó ní kí o sun ún," ló wí. "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ó tù mí nínú. Báyìí o ní kò bínú. Ìyẹn náà fẹ́ tù mí nínú. Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Mo wá ohun tí màá fi hàn án, mi ò rí. Kò sí bébà. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ohun kan ṣoṣo tó dára tí mo ní láti fún un, mo ti fi ẹnu ara mi bà á jẹ́.

"Mi ò mọ̀," ni mo dáhùn.

Ó ti ilẹ̀kùn. Líìfìtì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, àwa méjèèjì la jọ wọ̀ ọ́. Ó ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń yí. Nígbà tó ku àjà kan, ó béèrè pé, "Ọmọ náà ń kọ́?"

"Ó ti ń jókòó."

Ó mi orí. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó ní kí n má pe òun mọ́, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó ń sọ àkókò fún èèyàn ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún lọ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró títí mi ò fi rí i mọ́. Nígbà tí mò ń bọ̀ láàárọ̀, mo rò pé ara á tù mí tí mo bá sọ ọ́ tán. Kò tù mí. Ẹni tí mo máa tọ́jú tẹ̀ lé e ń retí mi ní Plumstead, mo sì ti pẹ́.